Ọjọ́ tí Dẹ́kìn Jó ní Àmúwò

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni kí n kọ́, ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀. Káfíńtà ni mo ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí ó fi funfun. Kì í ṣe káfíńtà àga àti bẹ́ẹ̀dì o. Àwọn yẹn ń rọra fọwọ́ pa igi lára, wọ́n ń kun ún ní fáníìṣì. Èmi, káfíńtà dẹ́kìn ni mí. Àwa la máa ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé lórí, àwa la ń ri òpó sábẹ́ rẹ̀ kó má baà wó títí yóò fi gan. Bó bá ti gan tán, a ó tú igi wa, a ó bá tiwa lọ, ẹnikẹ́ni ò ní rí ohun tí a ṣe mọ́. Onílé á máa fọwọ́ gbá ògiri, á ní bíríkìlà òun mọṣẹ́. Kò burú. Ẹni tó pọn ọmọ kó tó lè rìn mọ ara rẹ̀.

Ìpẹtumodù ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń wa ọkọ̀ ló mú mi wá sí Èkó, tó fà mí lé Ọ̀gá Akínwándé lọ́wọ́. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ owó dí yín létí, ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó, oúnjẹ ló ń jẹ. Nígbà yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ Fẹ́sítáàkì tán ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń kó wọlé láti àfẹ́núù kan dé òmíràn, àwọn tó sì ti rí ilẹ̀ rà ní Àmúwò àti Ìjẹ́gùn-Ẹ̀gbá ń kọ́ tiwọn. Ibi tí ẹ ti ń rí ṣọ́ọ̀bù àti títì lónìí, iyanrìn tí wọ́n fi dí àbàtà ni. Bí o bá dúró lójú kan pẹ́, omi á máa yọ sí ọ lẹ́sẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọ̀gá mi, ọkùnrin kúkúrú, kì í pariwo. Ọ̀gá tí kì í pariwo gan-an ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Bí o bá ri òpó tán, á wá, á wò ó, kò ní sọ nǹkan kan. Á wá gbá a nípàá. Bó bá mì báyìí, á ní, "Tú u." Kì í ṣe òpó yẹn nìkan o, gbogbo ìlà ni. Èmi gbàgbọ́ pé òpó tí mo tú nígbà ọmọ iṣẹ́ pọ̀ ju èyí tí mo ri lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kan ìṣó. Ìṣó tó ti wọ́ ló ń kó fún mi, kí n máa fi òòlù nà á lórí òkúta. Mo kùn títí. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ mi, ó ní, "Ìṣó tí o kò bá tíì nà, o ò lè mọ ibi tó ti ń tẹ̀." Mo rò pé ìyà lásán ló fi ń jẹ mí nígbà yẹn. Ó pẹ́ kó tó yé mi.

Òfin kan wà tí kò gba àwáwí lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré, tí gbogbo èèyàn wà lókè, abẹ́ dẹ́kìn ni káfíńtà ń dúró. Ọ̀gá a ní ẹni tó kan án ni kó dúró sábẹ́ rẹ̀. Wàá fọwọ́ kan òpó, wàá tẹ́tí. Igi máa ń sọ̀rọ̀. Bí ẹrù bá ń jókòó lé e, á ké kẹ́kẹ́, á dákẹ́, ìyẹn ò ṣe nǹkan. Èyí tó bá ké tí kò dákẹ́ ni kí o sá fún. Ẹ má rò pé ìwà akin ni. Bí ìwọ tí o kàn án kò bá lè dúró sábẹ́ rẹ̀, ta lo fẹ́ kó gùn ún?

Ó tún ní ọ̀nà tó fi ń dán dẹ́kìn wò, òun nìkan ló ń ṣe é ní gbogbo agbègbè wa. A ó kó iyanrìn tútù sínú àpò, a ó tò ó sórí pákó títí igi á fi kún, a ó fi sílẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí nǹkan kan kò bá rì, Ọ̀gá á gbọn ọwọ́, á ní, "Ohun tó gbé iyanrìn, á gbé èèyàn." Àwọn káfíńtà yòókù máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fi àpò ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n dẹ́kìn tiwọn a máa tẹ̀ láàárín, tiwa kì í tẹ̀. Torí náà ni Alàgbà Ṣówándé ṣe gbé ilé rẹ̀ fún wa. Fẹ́sítáàkì ló ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló ń kọ́ sí Àmúwò kó tó fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ wá wo àpò iyanrìn wa, ó ní ọkàn òun balẹ̀.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń fa kọnkéré gòkè nígbà yẹn. Orí ló ń gbé e. Àwọn obìnrin kan wà tí iṣẹ́ wọn nìyẹn, wọ́n á ru páànù kọnkéré, wọ́n á gun àtẹ̀gùn pákó lọ sókè, wọ́n á dà á, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá gba òmíràn. Ẹni tó ń ṣíwájú wọn kì í ṣe ẹni tó dàgbà jù, ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn jù ni. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹ rántí orúkọ yẹn o, torí òun náà ló ń bú mi láti kíṣìnnì báyìí pé ẹnu mi ti pọ̀ jù.

Orin ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Àbẹ̀kẹ́ á dá a, wọ́n á gbè é:

"Ẹ gbé e wá o." "Ó yá."
"Ilé ń gòkè o." "Ó yá."

Níbi "ó yá" yẹn, gbogbo ẹsẹ̀ á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá rí wọn, wàá fẹ́ kí wọ́n gba ìwọ náà sẹ́gbẹ́. Orin kì í jẹ́ kí ọrùn rántí ohun tó wà lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, tí wọ́n ń da dẹ́kìn Alàgbà, èmi àti Ọ̀gá wà lábẹ́. Òun wà lápá ọ̀nà, èmi wà lápá ẹ̀yìn. Ọparun la fi ṣe òpó, ó dúró ṣánṣán lábẹ́ pákó, ó ké kẹ́kẹ́, ó dákẹ́. Mo ní ó ń jókòó. Nígbà tó di ọwọ́ ọ̀sán, tí kọnkéré ti pọ̀ lókè, Àbẹ̀kẹ́ mú orin yá, kí iṣẹ́ lè tètè tán. Gbì, gbì, gbì lórí wa. Òpó tí mo dì mú lọ sọ́tùn-ún díẹ̀, ó padà sósì díẹ̀. Mo rò pé ojú mi ni. Ó tún lọ, ó lọ ju ti àkọ́kọ́, ó tún padà, ó padà ju ti àkọ́kọ́. Òpó náà kò rì, kò tẹ̀. Ó ń jó ni. Gbogbo igbó ọparun yẹn ń bá orin lọ.

Mo figbe ta pé kí wọ́n dúró. Ta ló máa gbọ́? Wọ́n rò pé mo ń bá wọn gbè é ni. Ẹnìkan tilẹ̀ dá mi lóhùn láti òkè, ó ní, "Ó yá." Títí dòní, bí mo bá rántí "ó yá" yẹn, ara mi máa ń tutù. Ọ̀gá ló sáré wọ inú òpó wá, tó fi ẹ̀wù fà mí jáde. Bí a ṣe jáde ni apá ẹ̀yìn ya lulẹ̀, igi, irin, kọnkéré, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn obìnrin tó wà láàárín fò sí apá tó kù. Àbẹ̀kẹ́ ló wà ní etí, òun ló bá a lọ.

Ọlọ́run kò jẹ́ ká sin ẹnikẹ́ni. Apá Àbẹ̀kẹ́ ló kán. A gbé e lọ sọ́dọ̀ teguntegun kan ní Ìjẹ́gùn-Ẹ̀gbá, kò sunkún lójú ọ̀nà, ó kàn ń béèrè pé ṣé gbogbo ẹgbẹ́ òun pé.

Nígbà tí mo padà, Ọ̀gá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń wo pákó tó fọ́. Ó ń wí pé, "Ó gbé iyanrìn. Ṣebí ó gbé iyanrìn." Ó sọ ọ́ títí. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọ̀gá mi ń wo ẹ̀yìn, kò rí ibi tó ti kọsẹ̀. Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ó ṣọ̀lẹ ni, á mọ ohun tó máa tún ṣe. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó mọ̀ ló ṣe, ó sì wó.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ìròyìn ti dé àdúgbò Satẹláìtì. Wọ́n ní dẹ́kìn Akínwándé ti wó, ẹni tó ń fi àpò dán nǹkan wò. Ọdún yẹn gan-an ló yẹ kó tú mi sílẹ̀ kí n dá dúró. Ó pè mí, ó ní, "Lọ bá ọ̀gá mìíràn kó tú ọ sílẹ̀. Orúkọ tèmi á ba tìrẹ jẹ́." Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní iṣẹ́ ọwọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bi ọ́ ni pé ọmọ ta ni ọ́. Bí wọn ò bá gbé iṣẹ́ fún Ọ̀gá mi mọ́, òun ti parí, èmi náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹni tó ń sá. Mo kó ìṣó tó wọ́ jáde nínú pákó tó fọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nà á lórí òkúta. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n na èyí tán ná."

Alàgbà Ṣówándé kò lé wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì rí i pé a kò jí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní a máa tún un ṣe, ṣùgbọ́n òun á mú ẹnjiníà kan wá, aládùúgbò òun ní Fẹ́sítáàkì. Mo ti ń rò ó pé ọmọ ìwé kan á wá fi gẹ̀ẹ́sì dà wá láàmú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá bọ́ bàtà rẹ̀, ó rìn yí igi fífọ́ náà ká, ó béèrè ohun tí olúkúlùkù gbọ́. Lẹ́yìn náà ló mú ìlàjì búlọ́ọ̀kù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ ọwọ́."

Ọ̀gá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ẹnjiníà rọra gbé búlọ́ọ̀kù náà lé e.

"Ṣé ó wúwo?"

"Kí ló wà níbẹ̀."

Ẹnjiníà gbé e sókè díẹ̀, kò ga rárá, ó fi sílẹ̀ lójijì. Ọwọ́ Ọ̀gá já wálẹ̀, búlọ́ọ̀kù bọ́ sórí iyanrìn.

"Bàbá, ṣé ó sanra sí i lójú ọ̀nà ni?"

Ọ̀gá wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹrù tó jókòó lẹ fi dán an wò," ni Ẹnjiníà wí. "Ẹ sì ṣe é dáadáa, kò sí ẹni tó lè bá yín wí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iyanrìn kì í rìn. Àwọn obìnrin yẹn ń rìn, wọ́n ń ju kọnkéré sílẹ̀ láti orí, ẹsẹ̀ wọn sì ń balẹ̀ pọ̀. Bàbá, bí ọmọ bá jókòó sórí okùn tí wọ́n so mọ́ igi, tó ń fì, ṣé agbára lẹ fi ń tì í kó lè fì lọ jìnnà?"

Ọ̀gá ní, "Rárá. Ìgbà tó bá padà dé ọ̀dọ̀ èèyàn, èèyàn á kàn fọwọ́ kàn án."

"Ohun tí ẹsẹ̀ wọn ń ṣe fún dẹ́kìn yín nìyẹn. Ìgbà tó bá padà dé ni wọ́n ń tì í."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbájọ ẹsẹ̀ ló wó dẹ́kìn wa. Ọ̀gá dìde lórí búlọ́ọ̀kù fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹnjiníà, ẹ ṣeun. Ẹ wá fi ibi tí ẹ máa fi igi sí hàn mí."

A tún un ṣe. Òpó sún mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀, a fi pákó tẹ́ ìdí wọn kí iyanrìn má baà gbé wọn mì, a sì kan igi ìdábùú láti orí òpó kan sí ìdí èkejì, ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n lè di ara wọn mú. A to àpò iyanrìn bí ìṣe wa. A kó o kúrò. Ọ̀gá wá bọ́ ẹ̀wù, ó gun orí pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó ní kí gbogbo wa gòkè wá. Ọkùnrin tí n kò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí ń fò sókè sódò bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ tí a máa dà á, Àbẹ̀kẹ́ wá, ó so apá kọ́ ọrùn, ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Ọ̀gá kí i, ó tún bẹ̀ ẹ́, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹ má kọrin lónìí o."

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ọ̀gá, àwa kì í fi ẹnu dídì gbé kọnkéré. Orin ló ń gbé e, ọrùn wa kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni."

Ọ̀gá ní rárá. Wọ́n gbìyànjú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dà bí ìsìnkú. Ọ̀kan á gòkè, èkejì á dúró mí, ẹlòmíràn á ní orí ń fọ́ òun. Èyí tí wọ́n pò sílẹ̀ ti fẹ́ gan, èyí tó wà lókè ti ń gbẹ létí. Bí èyí tó wà lókè bá gbẹ kí òmíràn tó dé, wọn ò ní lẹ̀ mọ́ra láéláé, ilé náà á ní egbò láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí a bá kọrin, ẹ̀rù ń bà wá. Bí a ò bá kọrin, ó ti bàjẹ́.

Mo jáde lábẹ́ dẹ́kìn, mo lọ bá Àbẹ̀kẹ́. Mo ní, "Àǹtí, kì í ṣe orin ló wó o. Ìrẹ́pọ̀ ẹsẹ̀ yín ni."

Ó wò mí. "Ṣé ìjà ẹsẹ̀ lo wá ń wá?"

"Òun gan-an ni."

Ó rẹ́rìn-ín, apá ń dùn ún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò le."

Ó pín wọn sí méjì. Ó ní kí àwọn tó ń gòkè máa kọ "ó yá" tiwọn. Ó wá fún àwọn tó ń sọ̀ ní orin mìíràn tó ń fà:

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí o." "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."
"Ilẹ̀ ń yọ̀ o." "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Ó sì ní ẹni tó bá dé òkè kò gbọdọ̀ ju kọnkéré, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó dà á. N ò gbọ́ orin tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohùn ń gbá ohùn, àwọn kan ń ṣi ẹsẹ̀ gbé, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yá.

Mo padà sábẹ́. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé òpó. Ó ní, "Jáde. Èmi nìkan tó."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó kan án ni kó dúró sábẹ́ rẹ̀. Èmi náà kàn án."

Ó sún fún mi. A dúró. Igi ké kẹ́kẹ́, ó dákẹ́. Mo ń retí kí òpó lọ sọ́tùn-ún. Kò lọ. Ẹsẹ̀ ń balẹ̀ lórí wa, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sórí páànù ilé. Ọ̀gá gbójú sókè. Ó ní, "Wọ́n ń rìn lórí rẹ̀, ó sì jókòó." Omijé wà lójú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tí páànù ìkẹyìn gòkè, ó fa òòlù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Àdúrà àti oúnjẹ ìtúsílẹ̀ mi ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n abẹ́ dẹ́kìn yẹn ni mo ti di ọ̀gá.

Láti ìgbà náà, irinṣẹ́ ti yí padà lójú mi. Òpó irin tí wọ́n ń yí bí ìdérí ìgò ti gba iṣẹ́ ọparun. Pákó fẹ̀ sí i, ẹ̀rọ ń po kọnkéré, ẹ̀rọ mìíràn ń fi rọ́bà fà á lọ sókè, kò sì sí ẹni tó ń kọrin. Gbogbo rẹ̀ ni mo lò, mi ò bá irinṣẹ́ tuntun jà rí. Ṣùgbọ́n mo lé oníbàárà kan lọ ní Satẹláìtì tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìlọta sórí ilé tí a kọ́ fún bẹ́ẹ̀dì àti àga. Ó ní ẹ̀rọ náà kò wúwo ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Mo ní kọ́bọ́ọ̀dù kì í gbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ bá máa kọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n á máa bi yín pé mélòó ló lè gbé. Ẹ̀yin ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ máa ṣe lórí rẹ̀.

Ọ̀gá mi ti sùn, Alàgbà Ṣówándé náà ti sùn. Ilé yẹn wà ní Àmúwò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ Alàgbà ṣe ìdúpẹ́ fún ìyá wọn nínú pálọ̀ òkè, wọ́n pe èmi àti Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń jó, mo rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró sábẹ́ wọn nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ọwọ́ lé òpó. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ ò ní bá wọn jó?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Òpó tutù lábẹ́ ọwọ́ mi, kò mì. Lókè, gbogbo ẹsẹ̀ ń balẹ̀ pọ̀, àfi ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo tó mọ̀ọ́mọ̀ ń dé lẹ́yìn tiwọn. Mo mọ ẹni tó ni ín.